Madagásíkà: bí ilẹ̀ náà ṣe tò, ìtàn rẹ̀, àti àwọn tó ni ín

Olùkọ́Àgbà

Ẹ kú àsìkò yìí, ẹ̀yin ará ilé. Madagásíkà ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Lórí máàpù, ẹ̀gbẹ́ Mòsáńbíìkì ló wà, òkun tó là wọ́n láàrin kò sì ju nǹkan bí 400 kìlómítà lọ níbi tó ti há jù. Síbẹ̀ èdè ibẹ̀ kò bá ti ará Mòsáńbíìkì tan, ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, àwọn kan nínú wọn sì ń gbé òkú baba wọn jáde láti fi aṣọ tuntun wé e. Báwo ni ilẹ̀ náà ṣe tò? Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀? Báwo ni Faransé ṣe gbà á? Kí ni wọ́n fi ń jẹun lónìí? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ni kó dáhùn o. Ti fíìmù ọmọdé tó ń jẹ́ Madagascar, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Amọlẹ̀

Orí òkè ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí òkè ibẹ̀ ṣe tò, ìtàn ibẹ̀ kò lè yé e.

Erékùṣù náà gùn tó nǹkan bí 1,600 kìlómítà láti àríwá dé gúúsù, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 570 níbi tó ti fẹ̀ jù. Erékùṣù mẹ́ta péré ló tóbi jù ú lọ láyé: Greenland, New Guinea àti Borneo. Tí a bá fi Nàìjíríà wọ̀n ọ́n, Nàìjíríà tó ìlọ́po kan àbọ̀ rẹ̀.

Àárín rẹ̀ ga. Ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀ wà láàrin 800 sí 1,500 mítà. Antananarivo, olú-ìlú, wà ní nǹkan bí 1,280 mítà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ súwẹ́tà níbẹ̀ nínú oṣù keje. Maromokotro ní àríwá ni ṣóńṣó tó ga jù, 2,876 mítà. Ní ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ ń rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé òkun. Ní ìlà-oòrùn, ó já wálẹ̀ lójijì, ilẹ̀ tóóró kan ló sì kù kí ó tó kan òkun.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí òkè yẹn ń ṣe. Afẹ́fẹ́ tó gbé omi wá láti Òkun Íńdíà kọlu òkè ìlà-oòrùn, ó gòkè, ó tutù, ó sì da omi rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Apá Maroantsetra ń gba òjò tó lé ní 3,000 mìlímítà lọ́dún. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ọ̀hún bá fi dé Toliara, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kò fi bẹ́ẹ̀ sí omi nínú rẹ̀ mọ́: nǹkan bí 400 mìlímítà ni wọ́n ń rí, ọdún mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà igbó kìjikìji ló wà ní ìlà-oòrùn, pápá koríko ló wà láàrin, igbó ẹlẹ́gùn-ún àti igi osè ló wà ní ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù. Irú osè mẹ́fà ló wà níbẹ̀ tí kò hù fúnra rẹ̀ níbòmíràn láyé.

Odò ìlà-oòrùn kúrú, omi wọn sì ń já láti orí àpáta, ọkọ̀ kò lè gba ibẹ̀ wọ inú ilẹ̀. Etíkun ibẹ̀ tún gún gbọọrọ, èbúté kò pọ̀. Ohun tó mú kí àwọn Faransé gbẹ́ ilẹ̀ tó là ọ̀sà kan sí èkejì nìyẹn, tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ di ọ̀nà omi Pangalanes tó gùn ju 600 kìlómítà lọ. Àwọn odò tó gùn, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń ṣàn sí: Betsiboka, Tsiribihina, Mangoky.

Ohun tó ń jẹ ilẹ̀ àárín run ni ọ̀gbun pupa tí wọ́n ń pè ní lavaka. Ojú ilẹ̀ pupa yẹn le gbagidi, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ rọ̀. Bí omi bá rí ojú kan wọlé, yálà níbi tí iná ti jó koríko tán, tàbí lójú ọ̀nà tí màlúù ń gbà, á máa kó abẹ́ tó rọ̀ lọ títí orí á fi ya lulẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ náà á wá bo oko ìrẹsì tó wà nísàlẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù, Betsiboka á gbé e lọ sókun ní Mahajanga.

ÌyáAláta

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Kìnnìún inú fíìmù yẹn ò sí níbẹ̀, ó yé wa. Erin ńkọ́? Ọ̀bọ ńkọ́? Ejò olóró ńkọ́?

Amọlẹ̀

Kò sí erin, kò sí ọ̀bọ, kò sí ẹkùn. Ilẹ̀ náà ti ya kúrò lára Áfíríkà láti nǹkan bí mílíọ̀nù 160 ọdún sẹ́yìn, ó sì ya kúrò lára Íńdíà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 88 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ẹranko tí ẹ dárúkọ yẹn kò tíì sí láyé nígbà náà. Lemur ló wà dípò ọ̀bọ, irú rẹ̀ lé ní 100. Ẹranko tó ń pa ẹran jẹ tó tóbi jù ni fossa, kò sì wúwo tó ajá ńlá. Ejò wà, ṣùgbọ́n kò sí paramọ́lẹ̀, kò sí ọká, kò sí sèbé. Ọ̀nì ni kí ẹ ṣọ́ra fún létí odò.

Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ rí tí kò lè fò, tó ga ju ògòǹgò lọ. Ẹyin rẹ̀ kan gba omi tó tó lítà 8. Ó ti run láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ènìyàn débẹ̀.

Akọ̀wéÌtàn

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ènìyàn. Èdè Malagasy, mọ̀lẹ́bí èdè Borneo ni. Otto Christian Dahl, onímọ̀ èdè ará Norway, fi hàn ní 1951 pé Ma'anyan, tí wọ́n ń sọ lẹ́bàá odò Barito ní gúúsù Borneo, ló sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó gbọ́ èdè Malay lè fi etí ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n: òkúta jẹ́ batu lọ́hùn-ún, vato níhìn-ín, oṣù jẹ́ bulan lọ́hùn-ún, volana níhìn-ín.

Òkun ni wọ́n gbà wá, pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n so igi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìgbì má baà dojú rẹ̀ dé. Àwọn Vezo, apẹja etíkun ìwọ̀-oòrùn, ṣì ń lo irú ọkọ̀ yẹn dòní. Igi farafatse ni wọ́n ń gbẹ́ inú rẹ̀, torí ó fúyẹ́. Igi líle ni wọ́n ń fi ṣe apá tó nà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Farafatse tètè ń mu omi, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ wọ́ ọkọ̀ gun iyanrìn kó gbẹ lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ nínú omi kì í pẹ́ wúwo, á sì jẹrà. Aṣọ ìgbòkun wọn, onígun mẹ́rin, orí òpó méjì ni wọ́n ń ta á sí.

ṢèyíAbẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wéÌtàn, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé Borneo nìkan ni wọ́n ti wá o. Ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára gbogbo wọn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé àdàlù méjèèjì ni ará Madagásíkà, ti Éṣíà pọ̀ díẹ̀ sí i lórí òkè, ti Áfíríkà sì pọ̀ sí i létíkun. Ẹ wo orúkọ ẹran ọ̀sìn wọn: omby ni màlúù, akoho ni adìyẹ, amboa ni ajá. Ng'ombe, kuku àti mbwa àwọn Swahili ni gbogbo ẹ̀. Ẹran ọ̀sìn ti etí òkun Áfíríkà wọlé. Ìrẹsì àti ọkọ̀ ló ti Éṣíà wá.

Akọ̀wéÌtàn

Òótọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ẹ tún fi ti Lárúbáwá kún un. Àwọn Antaimoro ní gúúsù ìlà-oòrùn ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Malagasy tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó kankan tó kọ́ wọn níwèé. Sorabe ni wọ́n ń pè é. Èèpo igi avoha ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń lù, tí wọ́n ń sá, kí ó tó di pépà. Orúkọ ọjọ́ wọn náà á dùn mọ́ àwa: Alatsinainy, Talata, Alarobia, Alakamisy, Zoma. Àtìnì, Àtàláátà, Àlàrùbá, Àlàmísì àti Jímọ̀ tiwa nìyẹn, láti orísun kan náà. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ń sọ ọ̀pọ̀ ìlú wọn lórúkọ, ẹ máa rí Alakamisy báyìí báyìí lórí máàpù.

Ẹ̀yà 18 ni ìjọba kà. Merina àti Betsileo wà lórí òkè, Betsimisaraka ní etíkun ìlà-oòrùn, Sakalava ní ìwọ̀-oòrùn, Antandroy àti Mahafaly ní gúúsù gbígbẹ, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń gbọ́ èdè ara wọn, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè tó yàtọ̀.

Olùkọ́Àgbà

Ẹ ṣeun. Ìjọba wọn ńkọ́? Ó dà bíi pé Sakalava ló kọ́kọ́ lágbára, kí Merina tó borí. Kí ló gbé Merina borí?

Akọ̀wéÌtàn

Omi àti ìrẹsì. Àfọ̀ ńlá kan, Betsimitatatra, yí òkè Antananarivo ká. Ọba lẹ́yìn ọba ló kó ènìyàn jọ láti kọ́ ògiri amọ̀ dí omi rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ipa omi, tí àfọ̀ fi di oko ìrẹsì. Oko tó ń mú ìrẹsì lọ́dọọdún lè bọ́ ogun, ó sì lè bọ́ ìlú. Andrianampoinimerina, tó jọba láti nǹkan bí 1787 dé 1810, ló so Imerina, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Merina, tó ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ pọ̀ láti Ambohimanga, ìlú rẹ̀ lórí òkè. Wọ́n ní òun ló sọ pé òkun ni ààlà oko ìrẹsì òun.

Radama kìíní, ọmọ rẹ̀, gbìyànjú láti mú ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ. Ní 1817 ó bá Robert Farquhar, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Mauritius, dá májẹ̀mú: Radama ò ní ta ẹrú sókè òkun mọ́, Gẹ̀ẹ́sì á sì kà á sí ọba Madagásíkà, wọ́n á fún un ní ìbọn àti olùkọ́ ológun. Àwọn míṣọ́nnárì dé Antananarivo ní 1820. Lẹ́tà ABD tí wọ́n ń lò títí dòní, 1823 ni ọba fọwọ́ sí i. Bíbélì jáde lódindi ní 1835, ọdún yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, Ranavalona kìíní, fòfin de ẹ̀sìn Kristi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí tangena díẹ̀, torí òun ló pa ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé Ranavalona. Èso olóró ni. Bí wọ́n bá fura sí ènìyàn, wọ́n á ní kó gbé ègé awọ adìyẹ mẹ́ta mì, wọ́n á wá fún un ní èso náà tí wọ́n ti rin, kí ó lè bì. Bí awọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jáde, kò jẹ̀bi. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù sínú, ó jẹ̀bi nìyẹn. Ọwọ́ ẹni tó ń rin èso ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá fi kún un díẹ̀, ikú ni. 1863 ni wọ́n fòpin sí i.

ṢèyíAbẹ́òkúta

Ẹ sọ ti ogun 1895 fún wọn. Ibẹ̀ ni òkè tí Amọlẹ̀ sọ ti hàn gbangba.

Akọ̀wéÌtàn

Àwọn ọba Merina mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, wọn ò la ọ̀nà láti etíkun dé olú-ìlú. Wọ́n ní ọ̀gágun méjì ló ń ṣọ́ àwọn: Hazo, ìyẹn igbó, àti Tazo, ìyẹn ibà. Ogun àkọ́kọ́ pẹ̀lú Faransé wáyé láti 1883 dé 1885. Ní 1895 wọ́n padà wá, abẹ́ ọ̀gágun Duchesne, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Mahajanga ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ilẹ̀ kò ti ga kíákíá.

Àṣìṣe wọn ni kẹ̀kẹ́ ẹrù. Kẹ̀kẹ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n kó wá, tí ìbaaka ń fà, kẹ̀kẹ́ yẹn kò sì lè rìn láìsí ojú ọ̀nà. Wọ́n wá ní kí ṣọ́jà máa fi ṣọ́bìrì la ọ̀nà lẹ́bàá Betsiboka, nínú àbàtà, níbi tí ẹ̀fọn ti pọ̀ jù. Kuníìnì kò tó, èyí tó wà náà kì í dé ọwọ́ ṣọ́jà lásìkò. Àwọn tó kú lé ní 5,000. Àwọn tí ìbọn pa nínú wọn kò pé 30. Nínú oṣù kẹsàn-án ni Duchesne wá fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní Andriba, ó ṣa bí 4,000 ènìyàn tó ṣì lágbára, ó kó oúnjẹ lé ìbaaka lẹ́yìn, ó sì gun òkè. Ní 30 oṣù kẹsàn-án, ọta àgbá bọ́ sí ààfin, wọ́n ta àsíá funfun.

ÌyáAláta

Bí ibà bá ti pa Faransé tó báyẹn, kí ló dé tí wọn ò lé ìyókù lọ?

Akọ̀wéÌtàn

Àwọn ọmọ ogun Merina kì í gba owó oṣù. Iṣẹ́ ọba ni ogun jíjà, dandan ni, olúkúlùkù ló sì ń wá oúnjẹ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ sá lọ kórè. Rainilaiarivony, olórí ìjọba tó fẹ́ ọbabìnrin mẹ́ta léraléra láti 1864, ti darúgbó. Ìpínlẹ̀ etíkun tí Merina fipá mú kò sì rí ìdí tí àwọn á fi kú fún wọn.

Faransé sọ erékùṣù náà di ti ara wọn ní 6 oṣù kẹjọ 1896. Wọ́n fòpin sí níní ẹrú ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ọ̀gágun Gallieni lé ọbabìnrin Ranavalona kẹta kúrò nílùú ní 1897, lọ sí Réunion, erékùṣù Faransé kan, lẹ́yìn náà sí Algiers, ibẹ̀ ló kú sí ní 1917. Ìlú tún dìde ní 29 oṣù kẹta 1947. Faransé ti àwọn aṣòfin Malagasy mẹ́ta mọ́lé: Raseta, Ravoahangy àti Rabemananjara, àwọn ṣọ́jà Faransé sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní apá ìlà-oòrùn. Iye tó kú ṣì ń fa àríyànjiyàn. Ẹni tó sọ tirẹ̀ kéré wí pé 11,000, ẹni tó sọ ọ́ pọ̀ wí pé ó lé ní 80,000. Òmìnira dé ní 26 oṣù kẹfà 1960, Philibert Tsiranana sì ni ààrẹ nígbà náà.

BabaOnírẹsì

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ ìrẹsì, torí ohun kan ti Madagásíkà jáde tí ó yẹ kí àgbẹ̀ wa mọ̀. Àlùfáà Jesuit kan, Henri de Laulanié, ló ṣètò rẹ̀ ní 1983 nítòsí Antsirabe. SRI ni wọ́n ń pè é, ìyẹn System of Rice Intensification. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé:

Wọ́n á rẹ irúgbìn sómi fún wákàtí 24, wọ́n á dì í sínú àpò níbi tó móoru títí tí yóò fi ta ẹnu. Wọ́n á fọ́n ọn sórí ebè tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù pò, kí ó má ṣe pọ̀ lójú kan. Kílò 5 sí 8 tó hẹ́kítà kan. Àgbẹ̀ tó ń ṣe é bí ti àtijọ́ á lo ju 50 lọ. Láàrin ọjọ́ 8 sí 12, nígbà tó bá ní ewé méjì péré, wọ́n á fi ọkọ́ kékeré gbé e pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Wọn kì í fà á tu. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbìn ín láàrin ìṣẹ́jú 30, kí gbòǹgbò má gbẹ.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbìn sójú kan, 25 sẹ̀ǹtímítà sí ara wọn lọ́tùn-ún lósì, lórí ẹrẹ̀ tí omi kò dá lé. Wọn kì í tì í mọ́lẹ̀ láti òkè, ńṣe ni wọ́n ń fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Bí ẹ bá tì í, ẹnu gbòǹgbò á kọjú sókè, á sì lo bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn, omi díẹ̀ á wọlé, á gbẹ títí ilẹ̀ á fi ya díẹ̀, omi á tún wọlé. Ìdí ni pé gbòǹgbò ń mí; omi tó bò ó mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo ń mú kí ó jẹrà. Èpò àkọ́kọ́, ọjọ́ 10 lẹ́yìn gbígbìn, pẹ̀lú ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó ní eyín tó ń yí. Lẹ́yìn náà ní ọjọ́ 10, ọjọ́ 10, títí ewé á fi bo ilẹ̀. Ìdí ìrẹsì kan lè yọ ẹ̀ka 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́Àgbà

Bí ó bá dára tó báyìí, kí ló dé tí Madagásíkà ṣì ń ra ìrẹsì láti òkè òkun?

BabaOnírẹsì

Àkọ́kọ́, ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Ọmọ ìrẹsì ọjọ́ 10 kò ga. Ibi tó bá jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5, ó ti rì. Èkejì, omi. Ẹni tó ń gba omi láti oko ẹni tó wà lókè rẹ̀ kò lè sọ pé òun fẹ́ kí ó gbẹ lónìí. Bí omi kò bá sì bo ilẹ̀, èpò á yọ wìtìwìtì.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Àsìkò gbígbìn àti àsìkò èpò bọ́ sí ìgbà tí abà ti ṣófo, láti oṣù Kejìlá lọ. Tálákà gbọ́dọ̀ lọ ṣiṣẹ́ lébìrà lóko ẹlòmíràn kí ó tó rí oúnjẹ ọjọ́ yẹn jẹ. Ìgbà wo ni yóò ráyè lọ ro oko tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin? Ẹni tó ti ní ìrẹsì nílé ni SRI rọ̀ lọ́rùn. Lójú tèmi, àwọn tó ń polongo rẹ̀ kì í sọ èyí tó.

Agolo mílíìkì ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì lọ́jà, kapoaka, mẹ́ta àbọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kílò kan. Tí ìyá ilé bá bu ìrẹsì tán, kì í fọ ìkòkò. Ó máa ń jẹ́ kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ jóná díẹ̀, á da omi lé e, á hó o. Omi pupa tó ń ta sánsán yẹn, ranonapango, ni wọ́n fi ń mu oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀.

AṣòwòÒkun

Owó òkè òkun wọn wà nínú fanílà, ní àríwá ìlà-oòrùn: Sambava, Antalaha, Vohemar, Andapa. Mẹ́síkò ni igi náà ti wá, kòkòrò tó ń mú akọ àti abo òdòdó rẹ̀ pàdé níbẹ̀ kò sì sí ní Madagásíkà. Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ kòkòrò. Edmond Albius, ọmọ ọdún 12 tó jẹ́ ẹrú ní Réunion, ló rí ọgbọ́n rẹ̀ ní 1841.

Òdòdó kan ń là ní òwúrọ̀ kan péré. Tó bá di ọ̀sán, ó ti rọ. Àgbẹ̀ á fi ẹ̀gún ya ẹ̀gbẹ́ òdòdó, á gbé awọ kékeré tó là akọ àti abo láàrin sókè, á fi àtàǹpàkò tẹ akọ mọ́ abo. Kò ní fọwọ́ kan gbogbo òdòdó orí ìdì kan. Bí èso bá pọ̀ jù, wọ́n á kúrú, igi náà á sì rẹ̀.

Oṣù 9 ni èso ń lò lórí igi. Lẹ́yìn kíká, wọ́n á rì í sínú omi gbígbóná tó tó 63 sí 65 lórí ìwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó má baà dàgbà mọ́. Omi tó bá hó á sè é, òórùn á lọ. Èyí tí kò gbóná tó kò ní dúdú. Wọ́n á fi kúbùsù wé e nínú àpótí títí ọjọ́ kejì kí ó láàgùn. Lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, kúbùsù lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà òjìji, lórí pẹpẹ, oṣù méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà àpótí onígi tí wọ́n tẹ́ pépà sí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹnìkan á máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, torí ẹyọ kan tó bu lè ba àpótí jẹ́. Kílò 5 sí 6 tútù ló ń di kílò kan gbígbẹ.

Olè ni wàhálà ibẹ̀. Nígbà tí owó rẹ̀ bá wọ́n, wọ́n ń jí i lórí igi. Àgbẹ̀ á fi abẹ́rẹ́ gún àmì tirẹ̀ sára èso tútù, àmì náà kì í parẹ́ tó bá gbẹ. Àwọn mìíràn á sáré ká a nígbà tó bá lo oṣù 6 tàbí 7 péré lórí igi, kí olè tó dé, èyí tí kò gbó kì í sì ní òórùn. Ẹni tó rà á lọ́pọ̀ lọ́dún yẹn kò ní padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

ÌyáAláta

Ẹ ò tíì dáhùn ti òkú.

Akọ̀wéÌtàn

Famadihana ni wọ́n ń pè é, àwọn Merina àti Betsileo ló ń ṣe é jù. Kì í ṣe gbogbo erékùṣù, ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni sì ń bá a wí. Àsìkò òtútù ni, láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ti dá tí ìrẹsì sì wà nílé. Ìdílé kan lè ṣe é lẹ́yìn ọdún 5 tàbí 7, torí owó rẹ̀ pọ̀: màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀, onílù, ìrẹsì fún gbogbo abúlé, àti aṣọ. Wọ́n á ṣí ibojì òkúta, wọ́n á gbé òkú jáde lórí ẹní, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á fi lambamena tuntun wé e lé ti àtijọ́, wọ́n á gbé e jó yí ibojì ká, wọ́n á sì dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Lambamena gidi, òwú kòkòrò inú igbó ni, landibe. Ẹni tó bá mọ sányán tiwa á mọ bí ó ṣe ń rí lọ́wọ́.

Ewu kan wà níbẹ̀: àrùn plague, tí kòkòrò ara eku ń gbé kiri, ṣì wà lórí òkè yẹn. Àjàkálẹ̀ 2017 pa ènìyàn tó lé ní 200. Nítorí náà òfin kò gbà kí wọ́n ṣí ibojì ẹni tí plague pa fún ọdún púpọ̀.

Èèwọ̀, tí wọ́n ń pè ní fady, yàtọ̀ láti abúlé sí abúlé. Níbì kan ẹlẹ́dẹ̀ ni, níbòmíràn wọn kì í ṣiṣẹ́ oko ní ọjọ́ Talata. Nínú igbó ìlà-oòrùn, indri ni, lemur ńlá tó ń ké bí ẹni ń kọrin. Èèwọ̀ yẹn ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là ju òfin ìjọba lọ.

Olùkọ́Àgbà

Ẹ kú làálàá o. Ìkan tó kù: ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó fúnra rẹ̀ láti Nàìjíríà, kí ni kó mọ̀?

AṣòwòÒkun

Yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, dandan ni fún ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Addis Ababa tàbí Nairobi ni wọ́n sábà ń gbà. Ẹ lọ láàrin oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù kẹta ni ìjì òkun ń jà, ó sì ń gé afárá ìlà-oòrùn lọ. Ẹ mú aṣọ òtútù dání fún orí òkè, ẹ sì lo oògùn ibà fún etíkun.

Ọ̀nà tó dára díẹ̀ ni RN7, láti Antananarivo lọ sí Toliara, nǹkan bí 950 kìlómítà. Bọ́ọ̀sì wọn, taxi-brousse, kì í gbéra títí yóò fi kún. Ẹ má rìn lóru ní gúúsù. Àwọn dahalo, ìyẹn olè màlúù, wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Fianarantsoa sí Manakara, 163 kìlómítà, gba inú ihò 48 kọjá bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè dé etíkun. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí òkè tí Amọlẹ̀ ń sọ, kó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ béèrè ní ibùdókọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, torí ilẹ̀ tó ń ya máa ń dí i.

Owó wọn ni ariary. Títí di 2005, fráǹkì ni, márùn-ún sí ariary kan, àwọn àgbàlagbà ní ọjà abúlé sì ṣì ń fi fráǹkì ka owó. Bí wọ́n bá dá iye kan fún yín tó dà bíi pé ó ti pọ̀ jù, ẹ béèrè bóyá ariary ni tàbí fráǹkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.